Igbó Olókèméjì àti Àwọn Tí Ń Ṣọ́ Ọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ojú irin àtijọ́ tí wọ́n là láti Èkó, tí ó dé Abẹ́òkúta ní 1899, tí wọ́n sì ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, gba ibì kan kọjá láàárín ìlú méjèèjì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Olókèméjì. Orúkọ náà kò fi ara pamọ́ fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá: òkè méjì ni ó wà níbẹ̀, odò Ògùn sì ń ṣàn kọjá lẹ́bàá wọn. Kì í ṣe ìlú ńlá, ẹni tí ó bá sì ń wá ààfin tàbí ọjà olókìkí kò ní í rí i níbẹ̀. Ohun tí ó sọ ọ́ di ibi ìtàn ni igbó rẹ̀, nítorí pé ní 1899 ni ìjọba ti ya igbó náà sọ́tọ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igbó ìjọba tí ó kọ́kọ́ wà ní gbogbo ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ìtàn bí wọ́n ti ń ṣàkóso rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín. N ó sì jẹ́wọ́ ọ̀ràn ti ara mi kan mọ́ ọn, nítorí kò tọ́ kí àgbàlagbà máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn, kí ó sì fi tirẹ̀ sábẹ́ ẹní.

Ẹ má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ kọ́ àwọn baba wa ní pípa igbó mọ́. Kí òyìnbó tó dé ni igbó orò ti wà ní ẹ̀yìn ìlú, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú àdá wọ̀ bí kò ṣe ẹni tí ipò rẹ̀ fún un láyè. Ìrókò kì í ṣe igi tí a kàn ń gé bí ẹni gé ìgbá. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ohun ìní gbogbo ayé ní 2005, ẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ ni ó pa á mọ́ títí ó fi dé ọwọ́ wa. Bákan náà ni ilẹ̀ oko: bí a bá ti ro ó fún ọdún díẹ̀, a óò fi í sílẹ̀ kí ó sinmi, kí igi sì tún hù lórí rẹ̀. Gbogbo èyí dára, ó sì tó fún ìgbà náà, nítorí ènìyàn kò pọ̀, ilẹ̀ sì gbòòrò. Ṣùgbọ́n àṣà náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó lè dáàbò bo igi tí a ń bẹ̀rù. Igi tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀rù, tí owó sì dé sórí rẹ̀ lójijì, kò rí ẹni gbèjà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún igi ìrẹ́. Igi yìí ń ṣe oje funfun tí a fi ń ṣe rọ́bà. Ó pọ̀ nínú igbó wa, àwọn ènìyàn kò sì kà á sí nǹkan kan, títí di ìgbà tí àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í wá rọ́bà kiri fún táyà kẹ̀kẹ́ àti oríṣiríṣi ohun èlò mìíràn. Ní 1894, nígbà tí Gilbert Carter jẹ́ gómìnà ní Èkó, àwọn ọkùnrin tí ó mọ iṣẹ́ náà wá láti ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Gánà lónìí, wọ́n wọ inú igbó, wọ́n sì fi ọ̀nà hàn. Ọ̀rọ̀ náà tàn bí iná ọyẹ́. Ọjà tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá ní 1893 di ohun tí ó ju 5,000,000 pọ́ùn ní ìwọ̀n lọ ní 1895, èyí ni pé rọ́bà tí ó gba Èkó jáde ní ọdún kan ṣoṣo náà ju 2,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ẹni tí kò ní ju àdá kan lọ rí owó tí baba rẹ̀ kò rí rí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí igi rẹ̀ pẹ́ yóò sá a ní ìwọ̀nba, yóò sì fi í sílẹ̀ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ jinná kí ó tó tún padà sí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tí kì í ṣe ti ẹnì kan, ta ni yóò fi í sílẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀? Bí èmi bá fi sílẹ̀ lónìí, ìwọ yóò dé ibẹ̀ lọ́la. Nítorí náà olúkúlùkù ń sá igi láti ìdí títí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, lẹ́yìn náà yóò gun un, yóò sì sá a dé òkè, àwọn mìíràn sì ń gé igi náà lulẹ̀ pátápátá kí gbogbo oje rẹ̀ lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, òkú igi ìrẹ́ ti kún inú igbó, ọjà náà sì ti wó. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn: kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó jáde nílé láti lọ ba igbó jẹ́. Ẹnì kan fẹ́ san owó ìyàwó, ẹnì kan fẹ́ san gbèsè, ẹnì kan fẹ́ fi páànù bo ilé. Ìdí rere ni gbogbo wọn ní, síbẹ̀ igi náà kú.

Àwọn òyìnbó kan ti ń kíyè sí ọ̀ràn igbó kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Alfred Moloney, gómìnà Èkó, tẹ ìwé kan jáde ní 1887 lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọdún náà gan-an ni a sì dá ọgbà ìdánwò ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ní 1897 ni ìjọba Èkó dá ẹ̀ka tí yóò máa bójú tó igbó sílẹ̀. Nígbà tí ojú irin dé, tí ó sì rọrùn láti lọ sí Olókèméjì, wọ́n ṣe ọgbà ọ̀gbìn sí ibẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1902 ni igi tíìkì wọ ilẹ̀ wa láti Íńdíà àti Bọ́mà, Olókèméjì sì wà lára àwọn ibi tí ó kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ sí. Ní 1903 ni H. N. Thompson dé láti Bọ́mà láti wá ṣe olórí iṣẹ́ igbó ní Gúúsù Nàìjíríà. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ nínú igbó Bọ́mà ni ó kó wá sí tiwa.

Kí a má purọ́ fún ara wa, kì í ṣe ìfẹ́ igi nìkan ni ó mú ìjọba àjèjì ṣe èyí. Wọ́n fẹ́ pákó tí wọn yóò máa kó lọ sí òkè òkun, wọ́n sì fẹ́ owó orí igi. Àwọn ènìyàn wa náà kò sùn. Nígbà tí wọ́n gbé òfin igbó jáde ní 1901, àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú Èkó àti àwọn olóyè òkè ilẹ̀ fi ẹ̀hónú hàn, nítorí wọ́n rò pé bí a bá fi òfin gba igbó lónìí, a lè fi òfin gba oko lọ́la. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ìbẹ̀rù ọ̀lẹ. Ní tèmi, mo rò pé ó dára tí wọ́n pariwo, nítorí ariwo náà wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba máa fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn ọba àti ìgbìmọ̀ wọn lórí ọ̀ràn igbó ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ọ̀nà tí a ń gbà sọ igbó di ti ìjọba yẹ ní mímọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òyìnbó kan ṣáà na ìka, ó sì parí. Gẹ́gẹ́ bí òfin 1937 ti là á sílẹ̀, ìjọba yóò kọ́kọ́ kéde ibi tí ó fẹ́ yà sọ́tọ̀ nínú ìwé ìkéde rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni òṣìṣẹ́ kan yóò wá jókòó láti gbọ́ ẹjọ́ gbogbo ẹni tí ó bá ní ohun kan láti sọ. Níbẹ̀ ni baálẹ̀, ọdẹ àti àgbẹ̀ yóò ti wí tẹnu wọn: odò wo ni ààlà, ibo ni pèrègún tí baba wọn gbìn wà, ọ̀pẹ wo ni ìdílé wọn ń kọ. Ẹ̀tọ́ tí a bá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni a óò kọ sílẹ̀. Nínú igbó ìjọba mìíràn, àwọn ará abúlé ní ẹ̀tọ́ láti ṣẹ́ igi ìdáná, láti ṣa ìgbín, láti já ewé tàbí láti kọ ẹyìn, ṣùgbọ́n wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti dá oko tuntun tàbí láti gé igi pákó láìgba àṣẹ. Ní ìgbà náà, apá kan nínú owó igi a máa lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ àwọn tí ó ni ilẹ̀.

Àṣẹ lórí igbó ti ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Láti ọwọ́ ìjọba Èkó ó bọ́ sọ́wọ́ ti Gúúsù Nàìjíríà ní 1906, láti ibẹ̀ sí ti Nàìjíríà lápapọ̀ ní 1914, lẹ́yìn náà sí ọwọ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, Olókèméjì bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì wà dòní. Ẹ kíyè sí i pé Ìjọba Àpapọ̀ kọ́ ni ó ni igbó wọ̀nyí bí ọ̀pọ̀ ti rò; ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ, òun ni ó ń gba owó, òun ni ó sì ń san owó oṣù ẹ̀ṣọ́ igbó. Iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ pọ̀ jù ní apá ìwádìí, láti ìgbà tí a ti dá ẹ̀ka ìwádìí igbó sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1954. Ní Ìbàdàn kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ igbó ti wà láti 1941.

Ẹni tí ó bá gba ìwé àṣẹ kò tíì lómìnira láti gé ohun tí ó wù ú. Òṣìṣẹ́ igbó yóò tẹ̀ lé e, yóò wo igi náà, yóò wọ̀n ọ́n, bí igi bá sì ti lulẹ̀ tán yóò fi òòlù tí ó ní àmì ìjọba lu ara gẹdú náà àti kùkùté rẹ̀. Òòlù yìí ni ẹ̀rí. Kùkùté tí kò ní àmì, kùkùté olè ni.

Nínú gbogbo ohun tí a ṣe ní Olókèméjì, èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni ìdánwò iná. Olókèméjì wà ní ibi tí igbó kìjikìji àti ọ̀dàn ti pàdé, àwọn onímọ̀ sì ń bi ara wọn pé kí ni ó fà á tí koríko fi wà níbi tí òjò tó fún igbó. Ní 1929, wọ́n pín ilẹ̀ kan sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín kìíní, wọ́n ń dáná sun ún lọ́dọọdún ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ fúrúfúrú, tí iná sì ń jó dé orí igi. Ìpín kejì, wọ́n ń sun ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì ní omi díẹ̀ lára, tí iná kò sì lè jà púpọ̀. Ìpín kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná kan án rárá. Wọn kò gbin nǹkan kan sí i. Ìṣọ́ ni wọ́n ṣọ́ ọ.

Ẹ fojú inú wo sùúrù tí ó wà nínú èyí. Ọ̀gá kan lọ, òmíràn dé. Ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀, ó parí. Síbẹ̀ lọ́dọọdún ẹnì kan ní láti rántí láti dáná sí ìpín kìíní ní ìgbà tirẹ̀, kí ó rántí ìpín kejì ní ìgbà tirẹ̀, kí ó sì dúró ti ìpín kẹta pẹ̀lú ewé tútù àti àdá lọ́wọ́ kí iná àwọn ọdẹ má bàa wọ ibẹ̀. Ní 1957, lẹ́yìn ọdún 28, àwọn onímọ̀ méjì, Keay àti Charter, ka àwọn igi náà, wọ́n sì tẹ àbọ̀ wọn jáde ní 1960. Ìpín kìíní ṣì jẹ́ ọ̀dàn koríko pẹ̀lú àwọn igi díẹ̀ tí ara wọn le sí iná. Ìpín kejì sàn jù ú lọ, igi pọ̀ níbẹ̀. Ìpín kẹta ti ń di igbó: àwọn igi tí kì í gba iná ti hù níbẹ̀, orí wọn ti ń pàdé lókè, òjìji wọn sì ti ń pa koríko. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, àyàfi iná. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, a kọ́ wa pé òjò ni ó ń ṣe igbó. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé ọwọ́ ènìyàn tí ó ń ṣáná wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní àwọn ọdún 1920 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ti Bọ́mà wá, tí à ń pè ní tọ́ńgíyà. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní Sapoba lẹ́bàá Bìní, kí ó tó tàn dé ibòmíràn. A óò fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ nínú igbó ìjọba láti gbin iṣu àti àgbàdo, òun náà yóò sì máa tọ́jú àwọn ọ̀jẹ̀lẹ́ igi tí a gbìn sáàárín èbè rẹ̀. Nígbà tí igi bá ga tí òjìji rẹ̀ pọ̀, àgbẹ̀ yóò kúrò. Ètò tí ó mọ́gbọ́n dání ni, ó sì bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ibi tí ó ti máa ń dàrú ni ìgbà kíkúrò. Àwọn mìíràn kò kúrò mọ́, wọ́n gbin kòkó sábẹ́ igi, ọmọ wọn sì dàgbà síbẹ̀. Igi àjèjì bíi tíìkì àti mẹ̀láínà sì gba ipò àwọn igi ìbílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ igbó ìjọba. Nínú igbó Ọmọ ní Ìjẹ̀bú, tí ó fẹ̀ ju 1,300 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, tí erin ṣì wà nínú rẹ̀ dòní, bẹ́ẹ̀ náà ni: láti 1966 ni wọ́n ti ń gbin mẹ̀láínà níbẹ̀ fún iṣẹ́ bébà.

Mo ṣèlérí láti jẹ́wọ́, ẹ gbọ́ nísinsìnyí. Ní àwọn ọdún 1990 mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní abúlé kan tí kò jìnnà sí igbó ìjọba kan. Ìjì ńlá jà ní oṣù kẹta ọdún, ó ṣí òrùlé kíláàsì méjì, òjò sì pa àwọn bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi jẹrà. Owó tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ rí kó jọ kò tó ìdajì ohun tí a nílò. Nígbà náà ni òbí kan wá bá mi, ó ní òun lè bá wa wá pákó ìrókò àti apá ní ìdámẹ́ta iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ìpàdé, a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Òru ni agbégilódò já pákó náà sílẹ̀, kò sì tan iná. Èmi tí mo ń na ọmọ tí ó bá jí pẹ́ńsùlù ẹgbẹ́ rẹ̀, n kò bèèrè ohun kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀ṣọ́ igbó kan dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, ìwé àṣẹ pákó yìí dà?”

Mo ní, “Ọmọ ilé-ìwé ni yóò jókòó lé e lórí. Kì í ṣe ilé ara mi ni mo fi kọ́.”

Ó ní, “Mo gbà bẹ́ẹ̀, sà. Ẹni tí ó fi ṣe pósí bàbá rẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lóṣù tó kọjá. Ṣé ẹ lè bá mi kálọ díẹ̀?”

A rìn fún nǹkan bí wákàtí kan. Ó mú mi dé ìdí kùkùté kan tí ó fẹ̀ tó tábìlì olùkọ́ méjì. Ó yí i ká, ó fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, ó ní kí èmi náà pa á. Kò sí àmì òòlù kankan níbẹ̀. Kò bú mi, kò sì bèèrè kọ́lá lọ́wọ́ mi, bí mo ti mọ̀ pé àwọn mìíràn nínú iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ó kàn sọ pé ọdún mẹ́ta ni òun ti ń kọjá lábẹ́ igi náà, òun sì ti ń ka èso rẹ̀ lọ́dọọdún nítorí wọ́n fẹ́ gbin irúgbìn rẹ̀. Mo ronú kan àwọn tí ó sá igi ìrẹ́ pa ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí mo ti fi ìtàn wọn kọ́ ọmọ ní kíláàsì, tí mo sì ti pè ní aláìlọ́gbọ́n. Àwọn baba wa ní bí a bá ń gé igi nígbó, kí á fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Èmi kò tilẹ̀ wo ẹni tí ó gé e.

Owó ìtanràn tí wọ́n bù fún ilé-ìwé, inú owó oṣù mi ni mo ti san án, ó sì gbà mí ní oṣù márùn-ún. Ìyàwó mi kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Òbí tí ó mú pákó wá kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi kúrò ní abúlé náà, nítorí ó rò pé èmi ni mo fi òun sùn. A kò tú àwọn bẹ́ǹṣì náà, ẹ̀ṣọ́ igbó gan-an ni ó ní kí a fi wọ́n sílẹ̀ kí àwọn ọmọ má bàa jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀jẹ̀lẹ́ tíìkì, ó sì fún wa ní 30. Kíláàsì karùn-ún ni ó gbìn wọ́n sí ẹ̀yìn pápá, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní igi tirẹ̀ tí ó ń bomi rin ní ẹ̀ẹ̀rùn.

Igbó Olókèméjì ti òní kì í ṣe ti 1899. Igbó àdánidá rẹ̀ ti dín kù gidigidi. Tíìkì, mẹ̀láínà àti oko àwọn ènìyàn ni ó wà níbi púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kò pọ̀, ilẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣọ́ sì gbòòrò ju ohun tí ẹsẹ̀ lè rìn tán lọ, ayùn onímọ́tò sì ń ṣe ní wákàtí kan ohun tí àáké ń fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe. Bí a bá fi owó tí ìjọba ń gbà lórí igi wé iye igi tí a ń gbìn padà, inú ẹni kì í dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní òfin igbó kò wúlò, kí ó wo àwọn ilẹ̀ tí ó yí igbó náà ká, tí òfin kò dé, kí ó sì wá ìrókò kan fi hàn mí níbẹ̀.

Ní ọdún tí ó kọjá mo lọ kí àwọn ará abúlé tí mo ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé. Nínú ọgbọ̀n tíìkì tí a gbìn, 19 ni ó kù, wọ́n sì ti ga ju òrùlé lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí, obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ kíláàsì karùn-ún nígbà náà, fi igi tirẹ̀ hàn mí. Ó ní oníṣòwò pákó kan ti wá bi òun léèrè iye tí ilé-ìwé yóò ta gbogbo wọn, ó sì fi owó tí ó tó kọ́ yàrá ìkàwé kan lọ̀ ọ́. Mo bi í pé kí ni ó fi fèsì.

Ó ní, “Bàbá, mo ní kí ó kọ́kọ́ lọ mú ìwé àṣẹ wá ná.”